Ohun Tí Omi Lè Fọ̀ Kúrò Lójú Jagunjagun

Bí ènìyàn bá wọ mọ́tò gbákà ní Yopougon ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, tí ó gba títì tí ó lọ sí Dabou, tí ó sì fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti èéfín mọ́tò Àbíjàn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí tí igi rọ́bà àti ọ̀pẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ bí ọmọ ogun ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, kí ó mọ̀ pé òun ti dé ilẹ̀ Songon. Songon kì í ṣe abúlé kan ṣoṣo: Songon-Agban wà, Songon-Dagbé wà, Songon-Té wà, Songon-Kassemblé àti Songon-M'Brathé náà sì wà níbẹ̀, àwọn tí ó sì ni wọ́n ni ẹ̀yà tí ó ti ń gbé etí ọ̀sà kí Àbíjàn tó di Àbíjàn, àwọn tí ìwé ìjọba ń pè ní Ébrié, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń pe ara wọn ní Tchaman. Àwa ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Anango lọ́hùn-ún, tí àwọn ará Èjìgbò sì pọ̀ nínú wa bí eéṣú, ti ń bá wọn ná ọjà láti ayé àwọn Faransé. A mọ adùn àṣẹ̀kẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin wọn, a mọ ẹja ọ̀sà wọn, a sì mọ ẹni tí ń ra ọjà àwìn tí kì í rántí san, ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa léèrè ohun tí ọkùnrin tí ó kun èédú sójú ń wá láàárín òpópó lọ́jọ́ àjọ̀dún wọn, ohun tí a ó kàn sọ ni pé, "Wọ́n ń ṣe ọdún wọn ni." Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi náà ti wí bẹ́ẹ̀ rí kí n tó jókòó ti wọn, kí n sì wò ó fínnífínní bí a ti ń mú ọmọ ènìyàn tí a sì ń sọ ọ́ di jagunjagun, irú ìrísí tí a ń fi fún un, irú ìwà tí a ń retí lọ́wọ́ rẹ̀, àti bí a ti ń mú un padà wálé.

Ìran mẹ́rin ni a pín àwọn ọkùnrin àti obìnrin Tchaman sí: Blessoué, Gnandô, Dougbô àti Tchagba. Ìran kọ̀ọ̀kan tún pín sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, tí Djéhou jẹ́ ẹ̀gbọ́n pátápátá, tí Dogba tẹ̀lé e, tí Agban tẹ̀lé Dogba, tí Assoukrou sì jẹ́ àbúrò gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá ti rí régbérégbé àwọn Ìjẹ̀bú kò ní í pẹ́ kí ó tó lóye rẹ̀, àfi pé ti Tchaman le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìran tí ó bá kàn ni ó ń gba àkóso ìlú lọ́wọ́ èyí tí ó ti lo ìgbà tirẹ̀ tán, kò sì sí ẹni tí í fi owó tàbí ìwé kíkà fo ipò tirẹ̀ kọjá. Ní ayé àtijọ́, nígbà tí abúlé ń gbógun ti abúlé lórí ilẹ̀ àti lórí ọ̀sà, àwọn ọ̀wọ́ wọ̀nyí gan-an ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Àwọn Faransé dá ogun abúlé dúró, ṣùgbọ́n wọn kò lè dá ọjọ́ tí ọ̀wọ́ tuntun ń jáde dúró. Ọjọ́ náà ni à ń pè ní Fatchué. Bí ọkùnrin ti wù kí ó dàgbà tó, kódà bí ó ti kọ́lé, tí ó ti bímọ, tí ó sì ń gun mọ́tò, bí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá tíì jáde, ọmọdé ni lójú ìlú, kò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbi tí àgbà gbé ń jókòó. Ẹ kíyè sí i: ogun ni wọ́n fi ń jó, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń jó gbà.

Olórí ogun ọ̀wọ́ ni wọ́n ń pè ní taprognan, òun sì ni gbogbo ojú ń wá lọ́jọ́ náà. A kì í yan ọ̀lẹ sí ipò yìí, bẹ́ẹ̀ ni a kì í yan ojo. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n ń wo ẹwà pẹ̀lú. Wọ́n fẹ́ kí ó rẹwà, kí ó ga níwọ̀nba, kí àyà rẹ̀ fẹ̀, kí ilé tí ó ti wá sì jẹ́ ilé tí orúkọ rẹ̀ kò ní àbùkù. Mo rò ó títí: kí ni ogun fẹ́ fi ẹwà ṣe? Lójú tèmi, ìdí rẹ̀ ni pé ojú tí wọn yóò fi èédú bò gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú tí ìlú ti mọ̀ dáadáa, tí wọ́n sì fẹ́ràn, kí ẹ̀rù tí yóò ba wọ́n bí ó bá yí padà lè jẹ́ ẹ̀rù gidi, kí àárò ojú àkọ́kọ́ sì lè máa sọ wọ́n. Ní ti ìwà, ohun méjì tí kì í bára gbé ni wọ́n ń wá nínú ẹnì kan ṣoṣo. Wọ́n fẹ́ kí ó jẹ́ oníbìínú tí inú rẹ̀ ń yára ru bí omi orí iná, wọ́n sì tún fẹ́ kí ó jẹ́ ọmọ tí ń gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu, tí ìyá rẹ̀ lè pè lẹ́ẹ̀kan kí ó sì dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ ọmọkùnrin rí, ẹ mọ bí irú èyí ti ṣọ̀wọ́n tó.

Ọmọkùnrin tí mo rí bí wọ́n ti ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kì í ṣe taprognan fúnra rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí yóò jó lẹ́yìn rẹ̀ ni, iṣẹ́ fọganáísà ni ó sì ń ṣe lẹ́bàá títì lójoojúmọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni ó gbé jókòó lórí àpótí, ní ìdí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tí ẹnì kan ti po ẹfun sí. Bàbá àgbà kan ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú ẹfun, ó sì fi pa á láti ọrùn dé ìdodo, lẹ́yìn náà ó fi ìka mẹ́rin wọ́ ọ sísàlẹ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan, tó bẹ́ẹ̀ tí ipa ìka náà fi dàbí egungun ìhà tí ó yọ síta. Ẹfun tútù, ó sì ń yára gbẹ. Bí ó ti ń gbẹ ni ó ń fa awọ ara, tí ó sì ń ya wẹ́wẹ́ nígbàkígbà tí ọmọkùnrin náà bá mí kanlẹ̀. Èédú ni ó kàn. Wọ́n ti lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n sì ti fi òróró pò ó, bàbá náà sì fi àtàǹpàkò kun ún sí iwájú orí, sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, sí abẹ́ ojú, kò fi ibì kankan sílẹ̀ bí kò ṣe funfun ẹyin ojú nìkan. Ní gbogbo àkókò yìí, orúnkún òsì ọmọkùnrin náà ń gbọ̀n. Kò sí ẹni tí ó sọ nǹkan kan sí i. Àbúrò ìyá rẹ̀ kan tí ó jókòó tì í, tí ó sì ń bó ẹ̀pà jẹ, kàn na ọwọ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orúnkún náà, ó sì ń bá ẹ̀pà rẹ̀ lọ pẹ̀lú ọwọ́ kejì, títí tí ó fi dúró.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n so ońdè mọ́ ọn lápá àti lọ́rùn, wọ́n fún un ní àdá, wọ́n sì ki ewé bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Oògùn wà níbẹ̀, n kò ní í purọ́. A kì í lọ sójú ogun lọ́wọ́ òfo, ì báà ṣe ogun ijó. Ṣùgbọ́n àlejò ni mí, bí àlejò bá sì béèrè ohun tí ó wà nínú ońdè onílé, a jẹ́ pé kò gbẹ̀kọ́ nílé ni. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni ohun tí ewé ẹnu ń ṣe: kì í jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀. Ẹni tí ń jó kí a lè fún un ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ nínú ìlú, ọjọ́ náà gan-an ni a dí i lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n jáde sí òpópó, n kò mọ fọganáísà mi mọ́. Ojú rẹ̀ yọ síta, funfun rẹ̀ gbòòrò láàárín èédú bí òṣùpá méjì nínú òru; ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí ń tẹ ohun tí ó gbóná, ó ń yọ àdá sí atẹ́gùn, ó ń sáré lọ síwájú, ó ń dúró lójijì, ó ń wo àwọn ènìyàn bí ẹni tí kò rí wọn rí. Taprognan ń bọ̀ níwájú wọn, ẹkùn tí ń rìn láàárín ẹran ọ̀sìn tí kò sì jẹ wọ́n, ìlù ń dún, ìbọn ìbílẹ̀ ń bú, àwọn ọmọdé ń sá tí wọ́n tún ń padà wá. Bí ènìyàn bá wo àwọn jagunjagun nìkan, yóò rò pé wèrè ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ó wo ẹ̀gbẹ́ wọn. Taprognan kì í dá rìn. Obìnrin kan ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i, òmíràn ń nu òógùn ọrùn rẹ̀ láìpa èédú rẹ́, ọkùnrin méjì tí ó dàgbà jù ú lọ wà lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ó sì sáré ju bó ti yẹ lọ sí apá ibi tí àwọn obìnrin gbé dúró, ọ̀kan nínú ọkùnrin méjì náà kàn fi ìka méjì di aṣọ ìbàdí rẹ̀ mú. Ìka méjì péré! Ọkùnrin tí ń fi àdá gé afẹ́fẹ́ sì dúró bí àgbò tí a fa okùn rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé rẹ̀ pẹ̀lú ń fi orin pe orúkọ rẹ̀ àti ti àwọn tí ó bí i, wọn kò sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí a ń kì láìdákẹ́ kò lè gbàgbé pátápátá pé ọmọ ènìyàn ni òun.

Nígbà náà ni ọkàn mi fò padà sílé. Àwa náà mọ jagunjagun ṣe, kò sí ẹni tí yóò kọ́ wa. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn ilẹ̀ wa ní 1897, tí ayé kò sì rí i kà títí di 1921, ti ṣàlàyé bí a ti ń fi Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò jẹ ní ayé Ọ̀yọ́ àtijọ́, n kò sì tíì rí ibi tí a gbé sọ ọ́ yékéyéké ju ibẹ̀ lọ. Wọn a fá orí rẹ̀ kodoro, wọn a sín in ní gbẹ́rẹ́ 201 sí ìpàkọ́, abẹ kan fún gbẹ́rẹ́ kan, oògùn inú àdó kan fún ojú gbẹ́rẹ́ kan, kí àyà rẹ̀ má baà já mọ́ títí ayé. Irun tí ó bá hù ní ojú gbẹ́rẹ́ náà ni wọ́n ń jẹ́ kí ó gùn, tí wọ́n ń dì í sí àṣíso. Òun ni ó ń dé ojìjìkó, fìlà ìyẹ́ pupa ìdí ayékòótọ́ tí ìrù rẹ̀ balẹ̀ dé ìbàdí. Òun ni ó ń so awọ ẹkùn mọ́ iwájú, tí ó sì ń jókòó lórí awọ ẹkùn níbikíbi tí ó bá wà. Bí ó bá sì dójú ogun, kì í mú idà, kì í mú ọ̀kọ̀, bí kò ṣe ọ̀pá kan tí ọba fi lé e lọ́wọ́, ọ̀pá tí kì í padà sẹ́yìn. Ẹ wò ó bí ìrísí yìí ti jọ ti Songon tó, kí ẹ sì wo ibi tí ó gbé yà. Èédú Songon, ojú ni ó wà. Oògùn Kakaǹfò, inú orí ni a fi abẹ fi í sí.

Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ohun tí àwọn ṣe kò ṣeé fọ̀. Johnson sọ ọ́ ní gbangba pé alágídí ni gbogbo Kakaǹfò, pé wàhálà kì í jìnnà sí wọn, àti pé àwọn ènìyàn gbà pé oògùn tí a sín sí wọn lórí ni ó fà á. Nítorí náà ni kò fi gbọdọ̀ bá ọba gbé ìlú kan náà: ìlú mìíràn ni Kakaǹfò ń gbé, kí ẹkùn méjì má baà jọ mu omi nínú odò kan. Nítorí náà pẹ̀lú ni wọ́n fi ń rán an lọ sógun ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta, pẹ̀lú àṣẹ pé láàárín oṣù mẹ́ta kí ó ṣẹ́gun kí ó wálé, tàbí kí a gbé òkú rẹ̀ wálé. Ìlú tí ó ṣe irú òfin báyìí kò retí kí ẹni náà dá ilé rẹ̀ jókòó kí ó máa gbin iṣu. Ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Àwọn tí ó pa òwe yìí kò pa á láti fi yin akíkanjú, ẹ̀dùn ọkàn ni wọ́n fi pa á.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Kakaǹfò Kurunmí, Ààrẹ Ìjàyè, ọkọ ìlú, apàṣẹ-má-wẹ̀yìn, tí ó kọ̀ láti tẹríba fún Aláàfin Adélù ní 1859 nítorí pé àrẹ̀mọ tí í bá ọba kú ni a gbé gorí oyè. Ó lè jẹ́ pé òun ni ó jàre ní ti àṣà. N kò ní í dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìbàdàn dojú ogun kọ ọ́, tí ọmọ rẹ̀ márùn-ún bá ogun náà lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹni tí kò bẹ̀rù ènìyàn kankan rí kò mọ ohun tí yóò fi ẹkún ṣe. Ìbànújẹ́ ni ó pa á ní 1861, kì í ṣe ọfà, ìlú rẹ̀ sì tú ní ọdún kejì. Ààrẹ Látòósà náà dúró sí ibùdó ogun Kírìjí ọdún gorí ọdún, kò lè ṣẹ́gun, kò sì lè wálé, títí tí ó fi kú sí ibùdó ní 1885, nígbà tí ó kù ọdún kan péré kí àwọn tí ń jà fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Ṣé kí n tún pe Ògún fúnra rẹ̀? Gbogbo ọmọ Yorùbá mọ omi tí ó ní nílé, wọ́n sì mọ ohun tí ó fi wẹ̀. Ó dé Ìrè lọ́jọ́ tí ènìyàn kì í sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí ó kí i, kò sí ẹni tí ó pe orúkọ rẹ̀, agbè ẹmu sì ṣófo. Ó yọ idà sí àwọn ènìyàn rẹ̀, nígbà tí ojú rẹ̀ sì wálẹ̀ tí ó rí àwọn tí ó pa, ó wọlẹ̀ lọ. Mo ti gbọ́ ìtàn yìí láti kékeré, ẹmu inú agbè ni mo sì máa ń rò pé ó fa ìjà. Àfìgbà tí mo dé Songon, tí mo rí àwọn obìnrin tí kò jẹ́ kí orúkọ jagunjagun tán lẹ́nu wọn, ni mo tó mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ Ìrè ni ó pa ìlú náà.

Ó tọ́ kí n fi kún un pé àwa náà ní ibi tí a gbé ti fi ogun ṣe ijó. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ọmọ Balógun ń gun ẹṣin wá sí Òjúde Ọba, ìbọn ń dún, aṣọ ń dán, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí Awùjalẹ̀ kí wọ́n tó padà sílé lọ jẹ ẹran.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ ijó lásán ni mo ń sọ. Ọ̀nà tí ó lọ sí Songon gba Yopougon kọjá, Yopougon sì ni ìbọn ti dákẹ́ gbẹ̀yìn ní Àbíjàn ní oṣù Karùn-ún 2011, lẹ́yìn ìjà tí ó tẹ̀lé ìbò ààrẹ. Ní apá méjèèjì, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n kó ìbọn lé lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó wo ilé tí wọ́n ti wá, kò sí ẹni tí ó gbé ọwọ́ lé orúnkún wọn, kò sì sí ìka méjì lẹ́yìn wọn nígbà tí wọ́n sáré ju bó ti yẹ lọ. Ní 2012 ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ADDR, láti gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn tí ó jagun, kí ó sì bá wọn wá iṣẹ́. Ní 2015 ni ó parí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gba ìbọn lóòótọ́, wọ́n sì kọ́ ọ̀pọ̀ níṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìbọn ni a lè kà sínú ìwé, a kò lè ka ohun tí ó wà lẹ́yìn ojú.

Nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀ sí orí ọ̀sà, tí ìlù ti rọlẹ̀, mo padà sí ẹ̀yìnkùlé lọ dágbére. Fọganáísà náà ti tún jókòó sórí àpótí ti òwúrọ̀. Àbúrò ìyá rẹ̀ gbé abọ́ omi gbígbóná síwájú rẹ̀, ó mú kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú, ó gbá a ní ìpàkọ́ mú bí a ti ń mú ọmọ ọdún mẹ́ta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ojú rẹ̀. N kò sọ pé ètùtù ni. Ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Omi àti ọṣẹ ni. Òróró tí wọ́n fi po èédú kò jẹ́ kí ó tètè kúrò, obìnrin náà sì ń gbó o láìṣàánú, títí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan fi yọ, tí imú fi yọ, tí etí fi yọ. Ọmọkùnrin náà ń kùn nínú ewé nítorí pé ọṣẹ wọ̀ ọ́ lójú. Ó tu ewé jáde lẹ́nu, ó tu itọ́ méjì, ó yí ojú kan tí ó ti mọ́ àti èkejì tí ó ṣì dúdú sí wa, ohun tí ó sì kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tí ó bá òun yọ fóònù òun lẹ́nu iná.